Omi tí Wọ́n Fi Súre fún Wa ní Turin

Ọjọ́ Ẹtì, 11 Oṣù Kẹrin

Ìjà ọ̀sẹ̀ kan ti parí. H.M. ti gbà láti lọ.

H.M. ni ìyá ọkọ mi. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀, níbi tí wọn ò ti lè gbọ́. Ọdún méjìdínlógún ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní àwọn ti fẹ̀yìn tì. Irọ́ ni — àwa la kàn di akẹ́kọ̀ọ́ wọn báyìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí wọ́n dé Padua, ní Ìtálì níbí. Wọ́n ti tún gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù mi tò. Wọ́n ti kọ́ Dára ọmọ mi ní Sáàmù mẹ́rin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí kò tíì kọ́ bí a ṣe ń ká bẹ́ẹ̀dì.

Sofia ló pè wá. Èmi àti ẹ̀ la jọ ń ṣiṣẹ́ ní laboratorio, ilé àyẹ̀wò. Ará Turin ni bàbá ẹ̀, ìyá ẹ̀ wá láti Thailand. Lọ́jọ́ Àìkú ni ọdún tuntun wọn, Songkran, ọdún tí wọ́n ń fi omi ṣe. Ìyá tó bí ìyá ẹ̀, Yai ni gbogbo wọn ń pè wọ́n, ló ń gbàlejò nínú oko kan lẹ́yìn Turin. Sofia ní kí n mú Dára wá, kí n mú Màmá wá, pé àgbàlagbà ló ni ọdún náà.

H.M. ní Ọjọ́ Àìkú Ọ̀pẹ ni. Inú ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n bí àwọn sí, àwọn ò ní tìtorí ère Búdà pa imọ̀ ọ̀pẹ tì. Mo bẹ̀, mo bẹ̀. Lónìí Adéògún, ọkọ mi, pè láti Piacenza. Ibẹ̀ ló ti ń ṣe ẹnjiníà ní ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan la máa ń rí i, ti ọ̀sẹ̀ yìí ò sì ní ṣeé ṣe nítorí iṣẹ́ Àjíǹde. Ó ní, "Màmá, ẹ lọ jàre. Ẹ lọ wo ayé." Kíá, wọ́n gbà. Ọmọ ẹni dùn.

Àbámẹ́ta, 12

Reluwé. A sọ̀ ní Milan nítorí H.M. ò lè wọlé onílé lọ́wọ́ òfo. A sáré dé òpópónà Via Padova, a ra iṣu méjì. Iṣu méjì nínú ọkọ̀ ojú irin ayára-bí-àṣá, lórí itan H.M., gbogbo ọ̀nà dé Turin. Ọkùnrin tó jókòó kọjú sí wa ò mọ ibi tí yóò wò.

Dára ń wúkọ́ díẹ̀. Ikọ́ fée rẹ̀ máa ń dìde tí òdòdó bá ti ń yọ. Mo gbé ẹ̀rọ aerosol ẹ̀ dání. Kò sí ilé ọlọ́mọ ní Ìtálì tí kò ní ọ̀kan: o da oògùn sínú ife ẹ̀, ẹ̀rọ sọ ọ́ di èéfín tútù, ọmọ fi ìbòmú bo imú, ó ń fà á. H.M. fẹ́ràn ẹ̀rọ náà gan-an. Àwọn ni wọ́n máa ń ṣe é fún un ní ìrọ̀lẹ́ tí mo bá pẹ́ níbi iṣẹ́. Wọ́n ní ká ní irú ẹ̀ wà nígbà ọmọdé Adéògún ni, oorun ì bá tún jẹ́ oorun.

Àìkú, 13

Mo gbọ́dọ̀ kọ eléyìí sílẹ̀ bó ṣe rí.

Oòrùn ràn dáadáa. Cascina àtijọ́ kan ni, ilé oko, àgbàlá rẹ̀ fẹ̀, oko àjàrà wà lẹ́yìn. Èèyàn tó ọgọ́rin. Obìnrin ló pọ̀ jù. Àwọn ọkọ wọn tí wọ́n jẹ́ Òyìnbó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ń mu bíà. Ère Búdà wà lórí tábìlì, òdòdó yí i ká, àwọn èèyàn ń tò, wọ́n ń fi ife kékeré da omi olóòórùn dídùn sí i léjìká. H.M. dúró lókèèrè, wọ́n ká ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó ń ṣọ́ ìdánwò. "Àwa ò ní da tiwa o." Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n da tiwọn.

Iyanrìn ló kọ́kọ́ tù wọ́n nínú. Wọ́n ń mọ ọ́n bí òkè kéékèèké ní igun kan, wọ́n ń fi àsíá bébà gún un lórí. Sofia ṣàlàyé: jálẹ̀ ọdún, àtẹ́lẹsẹ̀ èèyàn ń kó iyanrìn jáde ní tẹ́ńpìlì láìmọ̀. Ọdún tuntun ni wọ́n fi ń dá a padà. H.M. ní, "Wọ́n mọ ẹ̀kọ́." Àwọn fúnra wọn bu ẹ̀kúnwọ́ kan sí i.

Lẹ́yìn náà ni ti àwọn àgbà. Wọ́n to àga onírọ́bà sí ìlà. Yai wá, arúgbó ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, kò ga ju Dára lọ, ẹfun funfun ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Wọ́n di ọwọ́ H.M. mú, wọ́n fà wọ́n lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àwọn ọmọdé ń wá, wọ́n ń kúnlẹ̀, wọ́n ń da omi sí àtẹ́lẹwọ́ àgbà, wọ́n ń tọrọ àforíjì fún gbogbo ọdún tó kọjá. Àgbà á gbé ọwọ́ tútù lé wọn lórí, á súre.

Ta ló fẹ́ kọ́ mi? Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí Sofia tó sọ̀rọ̀ tán. Mo da omi sí ọwọ́ ìyá ọkọ mi. Wọ́n gbàdúrà — fún mi, fún Dára, fún iṣẹ́ Adéògún, fún ìjọba Ìtálì. Ìlà dúró lẹ́yìn mi. Ojú ta mí, omi bọ́ lójú mi, mi ò purọ́. Ọdún mọ́kànlá tí mo ti fẹ́ ọmọ wọn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n pè mí ní ọmọ mi.

Omi náà ni mo wá ń rò. Ó lọ́wọ́ọ́wọ́.

Iṣẹ́ mi ni omi. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń wá Legionella nínú omi òtẹ́ẹ̀lì àti ilé àwọn arúgbó. Kòkòrò ni, ojú lásán ò lè rí i. Omi tó ti pẹ́ lójú kan, tó lọ́wọ́ọ́wọ́, ibẹ̀ ló ti ń bí sí. Ẹni tó mu ún lè mu ún gbé. Àmọ́ tí omi náà bá fín bí ìkùukùu tí èèyàn fà á símú, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ tààrà, àgbàlagbà àti ẹni tí àyà rẹ̀ ò dá ló sì máa ń pa.

Mo yí lọ sẹ́yìn ilé. Táǹkì dúdú kan, nínú oòrùn. Oṣù Kẹwàá tó kọjá ni wọ́n ti rọ omi kún un fún àjàrà. Ewéko kékeré ti hù sí ẹnu ẹ̀rọ rẹ̀. Omi wà nínú páìpù ilé, Yai ló ní kí wọ́n má fà á, pé ó tutù jù fún ọwọ́ àwọn àgbà. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì ń rọ ọ́ sínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fín oògùn sí àjàrà, wọ́n ń fín in sórí gbogbo èèyàn. H.M. ń rẹ́rìn-ín, pé bí bàbá àwọn ṣe ń fín kòkó nìyẹn. Dára ń sáré wọnú ìkùukùu náà, ẹnu rẹ̀ là.

Mo ki ọwọ́ bọ táǹkì. Ìgbóná rẹ̀ tó bíi ìwọ̀n mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Mi ò nílò òṣùwọ̀n.

Yai ti wà lẹ́yìn mi pẹ̀lú Sofia. Wọ́n sọ nǹkan, Sofia rẹ́rìn-ín, ó túmọ̀ rẹ̀: "Yai ní ṣé omi náà tẹ́ ẹ lọ́rùn? Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò kó lè lọ́wọ́ọ́wọ́."

Wọ́n bi mí. Wọ́n fi ẹnu ara wọn bi mí.

Mo tẹ orúnkún, mo ní, "Ó dára gan-an, mà. Ẹ ṣeun."

Kí ni n bá sọ? Arúgbó, nínú ilé rẹ̀, lọ́jọ́ ọdún, lójú àlejò rẹ̀ — kí n ní omi yín ò dára? Kò sẹ́ni tó bí mi tó kọ́ mi ní irú ẹ̀. Ohun tí mo ṣe ni pé mo bu díẹ̀ sínú ìgò iṣẹ́ kan nínú báàgì mi nígbà tí wọ́n yíjú. Mo lè bu omi. Mi ò lè sọ̀rọ̀.

Nígbà tí à ń lọ, Yai so òwú funfun mọ́ ọwọ́ H.M. Wọ́n fún wọn ní ìgò omi olódòdó jásímínì kan, omi táǹkì kan náà. Àwọn méjèèjì ò gbọ́ èdè ara wọn, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú títí ọkọ̀ fi fẹ́ fi wá sílẹ̀.

Ajé, 14

Mo gbin omi náà sínú àwo ní laboratorio, kí kòkòrò tó bá wà níbẹ̀ lè hù. Láìkọ nọ́ńbà sí i, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Sofia wà ní Turin títí di ẹ̀yìn Àjíǹde, kò sẹ́ni tó bi mí. Ó máa ń tó ọjọ́ mẹ́ta kí nǹkan tó yọ, ó lè tó mẹ́wàá.

Bóyá kò ní sí nǹkan kan.

Ìṣẹ́gun, 15

H.M. gbé ìgò Yai sórí fíríìjì. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Wọ́n ní àgbà tó ju àwọn lọ ló fún àwọn, pẹ̀lú ọkàn mímọ́, àwọn sì ti ka Sáàmù kọkànlélọ́gọ́fà sí i lórí. "Ta ló dá omi? Ṣé ère yẹn ni?"

Mo ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, kò ṣeé mu o."

"Kí ló dé?"

"Òdòdó wà nínú ẹ̀."

Wọ́n wò mí bí wọ́n ṣe ń wo ọmọ tó ní ajá jẹ ìwé òun. "Ta ló sọ fún ọ pé mo fẹ́ mu ún?"

Ọkàn mi balẹ̀ fún wákàtí kan. Lẹ́yìn náà mo rántí pé mímu kọ́ ni ìṣòro ẹ̀. Ohun tó rọrùn láti sọ ni mo sọ.

Ọjọ́rú, 16

Àwo mọ́. Òjò láti àárọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 17

Wọ́n ti yọ.

Mẹ́rìnlélógún. Kéékèèké, aláwọ̀ eérú, wọ́n ń dán bí dígí tó fọ́. Mo dá wọn mọ̀ bí mo ṣe dá ìkọ̀wé ara mi mọ̀. Òfin ní a gbọ́dọ̀ dán an wò lẹ́ẹ̀kejì kó tó di òótọ́, ọjọ́ méjì nìyẹn. Mo gbin ìkejì.

Mo lè pe Sofia nísinsìnyí. Fóònù ló wà lọ́wọ́ mi yìí. Mo ní kí n dúró kó dájú. Tí kò bá wá rí bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Màá ti ba omi àdúrà arúgbó jẹ́ lásán.

Ẹtì, 18 — Ẹtì Rere

Sofia ló pè. Ibà ń ṣe Yai láti ìjẹta, wọ́n ti ń sọ̀sọkúsọ, wọ́n ti gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ní Turin. Àwọn dókítà ní àrùn ẹ̀dọ̀fóró ni, ọjọ́ orí ló fà á.

Mo ní pẹ̀lẹ́. Mo ní Ọlọ́run á wò wọ́n sàn. Ìṣẹ́jú mẹ́rin la fi sọ̀rọ̀. Mi ò sọ ọ́.

Nígbà tí mo sọ fún H.M. pé ara ọ̀rẹ́ wọn ò yá, wọ́n jókòó sí kíṣìnì, wọ́n sunkún. Èèyàn tí wọ́n fi ọ̀sán kan ṣoṣo mọ̀.

Àbámẹ́ta, 19

Ó dájú. Legionella ni, ó sì pọ̀ ju ohun tí mo ti kà rí ní gbogbo ọdún iṣẹ́ mi. Èmi nìkan ni mo wà ní laboratorio. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Mo kọ̀wé sí Sofia: ní kí wọ́n yẹ ìtọ̀ Yai wò fún Legionella. Ó béèrè pé kí ló dé. Mo ní ohun tí àwa oníṣẹ́ omi máa ń kọ́kọ́ rò nìyẹn, nítorí ọjọ́ orí. Ìdajì òótọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Mo ti ń mọ̀ ọ́n ṣe.

Mo dé ilé, mo lọ tààrà síbi fíríìjì. Ìgò ti dé ìdajì. Mo bi H.M. Wọ́n ní àwọn fi wọ́n ẹnu ọ̀nà, àwọn fi wọ́n yàrá ọmọ. Ó dáa, wíwọ́n díẹ̀ ò le. Nígbà tí wọ́n wọlé lọ gbàdúrà, mo da ìyókù sí ilé ìyàgbẹ́, mo fọ ìgò, mo rọ omi ẹ̀rọ sí i, mo kó àwọn òdòdó náà padà sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin ọdún mọ́kànlélógójì, tó ń ṣe bí ẹni tó jí ẹran jẹ nínú ìkòkò. Ó yá mi lára ju kí n sọ ọ́ lọ.

Adéògún dé nírọ̀lẹ́. Mi ò sọ fún òun náà.

Àìkú, 20 — Àjíǹde

Ìsìn gùn. Dára wúkọ́ ní gbogbo ìgbà orin. Adéògún ní òdòdó ló ń bá a jà bíi tọdọọdún. Mo gbà. Mo fẹ́ gbà.

Ajé, 21

Ibà mú Dára. Méjìdínlógójì àti ààbọ̀. Ó ní "mamma, mi fa male qui," ibí ń dùn mí, ó di igbá àyà rẹ̀ mú.

Mo gbé ẹ̀rọ aerosol sílẹ̀. Mo ṣí ife rẹ̀ láti da oògùn sí i.

Ó ń rùn bíi jásímínì.

Mo gbé e sí imú lẹ́ẹ̀kejì. Mo pe H.M. Mo gbọ́ ohùn ara mi, kò dà bí ohùn mi. Wọ́n yọ lẹ́nu ọ̀nà, ara wọn balẹ̀. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìdérí ìgò kan pẹ̀lú oògùn ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní oògùn dókítà, oògùn lásán ni. Omi tí àgbà fi súre, tí àwọn fi Sáàmù sí, tí ọmọ ń fà lọ síbi tó ń dùn ún gan-an — ta ló tún lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ?

"Mi ò fún un mu o. Ṣé ìwọ lo ní kò ṣeé mu?"

Èmi ni. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Pronto soccorso, ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn, nínú ọkọ̀ Adéògún. Wọ́n ya fọ́tò àyà rẹ̀, àbàwọ́n funfun wà lápá òsì. Dókítà béèrè ibi tí a lọ, ohun tí ọmọ fọwọ́ kàn. H.M. jókòó síbẹ̀, bàtà Dára méjèèjì lórí itan wọn, wọ́n ń wo ẹnu mi. Ọmọ wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tí yóò túmọ̀ gbogbo ohun tí mo bá sọ. Mo ní a lọ síbi ọdún kan, èrò pọ̀.

Wọ́n dá wa dúró. Wọ́n ti ń fún un ní oògùn. Mo mọ oògùn náà. Kò lè pa ohun tó ń ṣe é.

Mo mọ̀ ọ́n, mo sì jókòó.

Ìṣẹ́gun, 22

Àárọ̀. Ibà náà ti fẹ́ẹ́ di ogójì. Dára ò dá mi lóhùn dáadáa mọ́.

Aago méje kọjá, Sofia pè. Yai ti kú ní ìdájí.

Ó ní àyẹ̀wò ìtọ̀ jáde lálẹ́ àná, Legionella ni lóòótọ́. Ó ní ìyàtọ̀ ò sí fún wọn mọ́, àmọ́ pé nítorí mi ni àwọn fi mọ ohun tó pa wọ́n. Ó ní òun ò mọ bí òun ṣe lè dúpẹ́. Ó ń sunkún, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Mo dìde. Mo lọ bá dókítà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Táǹkì. Ìkùukùu. Àwo. Ìgò. Ẹ̀rọ. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó dáwọ́ dúró. "Signora, lei da quando lo sa?" Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?

Mo ní láti Ọjọ́bọ̀.

Adéògún wà lẹ́yìn mi. Mi ò gbọ́ ìgbà tó dé.

Ọjọ́rú, 23

Wọ́n ti pààrọ̀ oògùn. Adéògún ò bá mi sọ̀rọ̀, ó ń gba ẹ̀yìn mi kọjá bí ẹni tí ń yẹra fún iná. H.M. ò wá sí ilé ìwòsàn lónìí. Wọ́n ní orúnkún ń dun àwọn.

Ọjọ́bọ̀, 24

Ibà Dára ti ń wálẹ̀. Ó mu ọbẹ̀ díẹ̀, ó ní kò níyọ̀. Mo sunkún nítorí iyọ̀.

Mo pe Sofia. Mo sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, mi ò fi nǹkan pamọ́. Ó wá ní, "Mo rí ẹ nígbà tí o ki ọwọ́ bọ inú omi yẹn. O pẹ́ níbẹ̀. Mo rò pé o ń gbádùn ìlọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ̀ ni." Ó ní Yai sọ ọ́ fún gbogbo ará ilé lálẹ́ ọjọ́ náà pé obìnrin aláwọ̀ dúdú tó mọ̀ nípa omi ti yẹ omi òun wò, ó ní ó dára.

Ó ní kí n má wá síbi ìsìnkú.

Àwọn èèyàn mẹ́tàdínlógún mìíràn tí wọ́n wà níbẹ̀ ló ti lọ fún àyẹ̀wò. Méjì ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo lè ti sọ ọ́ ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Mo lè ti sọ ọ́ lẹ́nu táǹkì.

H.M. ò tún wá. Ohùn wọn kéré lórí fóònù, wọ́n ní oorun ń kùn àwọn.

Ẹtì, 25

Dára jókòó dìde fúnra ẹ̀. Dókítà ní ó ti bọ́.

Adéògún sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. "I never tell Màmá anything. Wọn ò mọ̀ pé omi yẹn ni. Wọ́n rò pé àdúrà àwọn ló ń wo ọmọ sàn. Ìwọ lo máa sọ fún wọn." Mo bẹ̀ ẹ́ pé ṣé a ò lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n ti dàgbà, yóò pa wọ́n. Ó wò mí. Mo gbọ́ ohun tí mo ń sọ.

Ní òwúrọ̀ ọ̀la.

Àbámẹ́ta, 26

Mo ń kọ èyí lórí àga níta pronto soccorso. Kí n má gbàgbé bó ṣe tò.

Aago mẹ́sàn-án ni mo dé ilé. H.M. ti wọṣọ tán, ìró àti bùbá, gèlè, páúdà lójú, wọ́n jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, fèrèsé ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mo rò pé wọ́n ń múra ilé ìwòsàn. Mo kúnlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ pé Yai ti kú, pé omi yẹn ló pa wọ́n, pé òun náà ló dá Dára dùbúlẹ̀, pé mo ti mọ̀ kí ọmọ tó ṣàìsàn.

Wọn ò pariwo. Wọ́n ń bi mí ní ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ọjọ́ wo lo kọ́kọ́ fura?"

"Níbi ọdún yẹn gan-an, mà."

"Ọjọ́ wo ló dá ọ lójú?"

"Àbámẹ́ta tó kọjá, mà."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Mo ní mi ò fẹ́ kí ojú tì wọ́n. Mo ní ẹ̀bùn tí àgbà fún wọn ni, mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ pé ó bàjẹ́.

Wọ́n ní, "Ojú mi." Wọ́n tún un sọ. "Nítorí ojú mi."

Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Èmi ni mo kọ́kọ́ fà á."

Ọ̀rọ̀ wọn ò yé mi. Wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún mi díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń sinmi láàárín ọ̀rọ̀. Wọn kì í fún ọmọ ní ohun tí àwọn ò tíì tọ́ wò. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí Dára tó fi ìbòmú bo imú, àwọn á kọ́kọ́ fà á fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan. Kí àwọn lè mọ̀ pé kò ní pa ọmọ lára.

Mo gbé ọwọ́ lé wọn lọ́rùn. Ara wọn ń jó. Lábẹ́ páúdà náà, ètè wọn ti ṣú.

"Láti ìgbà wo, mà?"

"Ọjọ́rú." Wọ́n ní ọmọ wà nílé ìwòsàn, ta ni àwọn fẹ́ máa sọ fún? Àwọn ò ní tessera sanitaria, káàdì ìwòsàn Ìtálì, àlejò ni àwọn, àwọn ò fẹ́ yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Wọ́n ti ń fi aṣọ tútù rẹ ara àwọn tí ilé bá dá.

Mo pe áńbúláǹsì. Wọ́n ní kí n dúró, kí àwọn tún gèlè wé. Mi ò dúró.

Dókítà tó gbà wá kéré gan-an, ó tó ẹni tí H.M. ì bá kọ́ ní ìṣirò. Ó fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà wọn, ojú rẹ̀ yí padà, ó ń yára. Ó yíjú sí mi: láti ìgbà wo ni ibà yìí ti bẹ̀rẹ̀? Ó ní kí n rò ó dáadáa, ohun tí òun fẹ́ ṣe dúró lórí ẹ̀.

H.M. ò gbọ́ Ìtálì, àmọ́ wọ́n mọ ìbéèrè náà. Wọ́n fa ìbòmú ọ́síjìn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, agbára wà níbẹ̀ síbẹ̀.

"Sọ pé àná ni. Kí Adéògún má bàa sọ pé mo fi pamọ́. Mo bẹ̀ ọ́, ọmọ mi."

Dókítà ń dúró.

Mo ní, "Da mercoledì." Láti Ọjọ́rú. Mo tún un sọ ní Yorùbá kí àwọn náà lè gbọ́ ohun tí mo sọ.

Wọ́n fi ọwọ́ mi sílẹ̀.